Géèmù Ọ̀fẹ́ Tí Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀ Lè Gbé

OHUN tí orúkọ Ajégúnlẹ̀ túmọ̀ sí kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá: ajé ti gúnlẹ̀ síbẹ̀. Àmọ́ ní ti ọkọ̀ òkun, Àpápá tó wà nítòsí rẹ̀ ló ti ń gúnlẹ̀. Láàárín ọdún 1921 sí 1926 ni wọ́n kọ́ ibi ìgúnlẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ tí omi rẹ̀ jìn tó láti gba ọkọ̀ òkun ńlá ní èbúté Àpápá, wọ́n sì ṣí èbúté Tin Can Island ní ọdún 1977. Ajégúnlẹ̀, tó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ajeromi-Ifelodun, kò jìnnà sí èbúté méjèèjì. Àwọn Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Urhobo, Ígbò, Haúsá àti Yorùbá ló ń gbé ibẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé iṣẹ́ èbúté ló gbé àwọn òbí wọn dé ibẹ̀.

Lára ẹrù tó ń gba èbúté wọ̀nyí wọlé ni kọ̀ǹpútà tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti lò sílẹ̀. Ní ọdún 2005, àjọ Basel Action Network, tó ń rí sí ọ̀ràn pàǹtírí eléwu, gbé ìròyìn kan jáde nípa Èkó. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 500 kọ̀ǹténà ohun abánáṣiṣẹ́ àlòkù ló ń wọ ìlú náà lóṣooṣù, àti pé kọ̀ǹpútà tó wà nínú wọn tó 400,000. Àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà níbẹ̀ sọ fún wọn pé ó lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo rẹ̀ tí kò ṣeé tà tí kò sì ṣeé tún ṣe. Yunifásítì Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè àti ilé iṣẹ́ Àdéhùn Basel tó wà ní Ìbàdàn tún ṣe ìwádìí ní ọdún 2015 àti 2016. Wọ́n rí i pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ohun abánáṣiṣẹ́ àlòkù ló ń gba àwọn èbúté Èkó wọlé lọ́dún, àti pé, ó kéré tán, 19 nínú 100 ni kò ṣiṣẹ́. Inú àwọn mọ́tò àlòkù ni wọ́n sì ń kó èyí tó pọ̀ jù sí, ìyẹn ni pé inú mọ́tò tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ń bá wá.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ajégúnlẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo nínú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ló wà, iṣẹ́ ajé ló sì wà fún. Òun ni òbí fi ń tẹ ìwé fún àwọn oníbàárà, òun ló fi ń wo èsì ìdánwò WAEC fún àwọn ọmọ àdúgbò. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fi ṣeré díẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ibo ni òbí ti máa rí géèmù tí kò ní ná an lówó, tí kọ̀ǹpútà tó ti pé ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè gbé, tí kò sì ní ba irinṣẹ́ tí gbogbo ilé fi ń jẹun jẹ́? Ọ̀ràn irinṣẹ́ yìí ló jẹ́ kí a rò pé ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ yìí kúnnákúnná, nítorí pé ibi tí àwọn èèyàn ti sábà máa ń rí géèmù “ọ̀fẹ́” gan-an ni ewu wà.

Géèmù tí wọ́n ti fọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù lọ. Ọmọ kan gba flash drive lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ bọ̀ wá sílé. Géèmù bọ́ọ̀lù tí ilé iṣẹ́ kan ń tà ló wà lórí rẹ̀, àmọ́ ẹnì kan ti fọ́ kọ́kọ́rọ́ tí àwọn tó ṣe é fi tì í. Ìtọ́ni tó bá géèmù náà wá sọ pé kí ó tó lè ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa ètò tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà yín lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì. Ẹ rò ó wò ná: àlejò tó ní kí ẹ kọ́kọ́ lé ọlọ́dẹ yín lọ kí òun tó wọlé, ṣé ire ló bá wá?

Kì í ṣe gbogbo irú géèmù bẹ́ẹ̀ ló ní ohun búburú nínú. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún yín kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó fún òun náà kò sì mọ̀. Ní ìparí ọdún 2008, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Conficker bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀, flash drive sì wà lára ọ̀nà tó gbà dé orí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù kọ̀ǹpútà kárí ayé. Nígbà yẹn, Windows lè bẹ̀rẹ̀ ohun tó wà lórí flash drive fúnra rẹ̀ gbàrà tí ẹ bá ti kì í bọ inú kọ̀ǹpútà. Oṣù February ọdún 2011 ni Microsoft tó fi àtúnṣe tó dá èyí dúró ránṣẹ́ sí Windows XP àti Vista. Irú fáírọ́ọ̀sì míì tó ti gbilẹ̀ láti ìgbà náà burú ju ìyẹn lọ: ṣe ló máa ń ti gbogbo fáìlì tó wà lórí kọ̀ǹpútà pa, tí á sì béèrè owó kí ó tó ṣí i. Fún ẹni tí ìwé àwọn oníbàárà rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó ní, géèmù ọ̀fẹ́ yẹn ti di olówó iyebíye.

Ọ̀ràn òfin náà wà ńbẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-Ọnà ti ọdún 2022, tí ààrẹ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù March ọdún 2023, dáàbò bo ètò orí kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe dáàbò bo ìwé. Ẹni tó bá ń ṣe ẹ̀dà ohun tí ẹlòmíì ń tà láìgba àṣẹ ń rú òfin, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá ló ní kí wọ́n ṣe é fún òun.

Ọ̀fẹ́ yàtọ̀ sí òmìnira

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, free, fún ohun méjì tí èdè wa yà sọ́tọ̀. Ohun tí a kò san owó fún ni à ń pè ní ọ̀fẹ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi okùn dè ni à ń pè ní olómìnira. Ẹni tó bá ń wá géèmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì á jàǹfààní tó bá fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ géèmù jẹ́ ọ̀fẹ́ láìjẹ́ olómìnira.

Àwọn kan jẹ́ ìtọ́wò lásán: ẹ ó ṣeré dé ibì kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kí ẹ sanwó. Àwọn míì jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ẹnu ọ̀nà, àmọ́ ṣe ni wọ́n ń tajà nínú ilé. Ní oṣù September ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Konami sọ géèmù bọ́ọ̀lù rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ̀ sí PES di eFootball, wọ́n sì sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tó lágbára, àyè púpọ̀ àti íńtánẹ́ẹ̀tì tí kì í já. Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní Ajégúnlẹ̀ kò lè rí nǹkan kan fi í ṣe.

Àwọn géèmù olómìnira yàtọ̀ pátápátá. Ní ọdún 1989, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Richard Stallman kọ ìwé àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní GPL. Ohun tó sọ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá gba ètò orí kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ àṣẹ yìí lè lò ó bó ṣe wù ú, ó lè wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ó lè tún un ṣe, ó sì lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹlòmíì. Kódà, ó lè gba owó lórí ẹ̀dà tó bá ṣe. Èyí ṣe pàtàkì gan-an ládùúgbò tí dátà ti wọ́n. Ní oṣù January ọdún 2025, Àjọ Tó Ń Bójú Tó Ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ìyẹn NCC, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Bí géèmù kan bá jẹ́ olómìnira, ẹnì kan ṣoṣo ló máa wà á jáde, gbogbo òpópónà sì lè gba ẹ̀dà rẹ̀ láìrú òfin kankan. Ẹni tó ní business centre nítòsí Boundary lè gba iye tó bá tọ́ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ kí ó kọ ọ́ sórí flash drive fún wọn, ọlọ́pàá kankan kò sì ní lè mú un fún ìyẹn. Lójú tiwa, èyí ló mú kí ó yẹ kí ẹ máa kọ́kọ́ wá irú géèmù bẹ́ẹ̀, kódà bí kò bá dán tó àwọn tí wọ́n ń polówó.

Kí ni kọ̀ǹpútà yín lè gbé?

Kí ẹ tó wá géèmù, ẹ kọ́kọ́ mọ kọ̀ǹpútà yín. Bó bá jẹ́ Windows ló wà lórí rẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí àmì Windows wà lára rẹ̀ pọ̀ mọ́ lẹ́tà R, kí ẹ kọ dxdiag sí àyè tó bá yọ, kí ẹ sì tẹ Enter. Ojú ìwé tó máa jáde á sọ orúkọ ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà, á sọ bí RAM rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, á sì sọ ohun tó fi ń gbé àwòrán jáde. Ohun mẹ́ta yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé.

Bí ẹ bá rí Pentium 4 níbẹ̀, tí RAM kò sì ju 1 GB lọ, ọjọ́ ti lọ lórí kọ̀ǹpútà náà, àmọ́ ó ṣì wúlò. Èyí tó bá jẹ́ Core 2 Duo, irú èyí tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2006, tí RAM rẹ̀ jẹ́ 2 GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lè gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn géèmù tí a máa mẹ́nu kàn. Ohun tó sábà máa ń dá kọ̀ǹpútà àwọn ilé iṣẹ́ dúró ni àwòrán, nítorí pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Géèmù tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ń yí po bí ohun gidi máa ń mú kí wọ́n mí gúlegúle. Bí ẹ bá lè fi RAM kún un, ẹ fi kún un. Nínú gbogbo àtúnṣe tí ẹ lè ṣe sí kọ̀ǹpútà àgbà, òun ni owó rẹ̀ kì í sábà pọ̀ tí ìyàtọ̀ rẹ̀ sì máa ń hàn.

Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ńkọ́? Microsoft kò dáàbò bo Windows XP mọ́ láti oṣù April ọdún 2014, wọ́n fi Windows 7 sílẹ̀ ní oṣù January ọdún 2020, wọ́n sì dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí Windows 10 dúró fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní ọjọ́ 14 oṣù October ọdún 2025. Steam, tó jẹ́ ọjà géèmù tó gbajúmọ̀ jù lọ, kò ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ń lo Windows 7 àti 8 mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Nítorí náà, kò burú kí ẹ gbé Linux yẹ̀ wò. Oríṣi tó fúyẹ́ bíi Lubuntu, tàbí Linux Mint tó ń lo Xfce, lè ṣiṣẹ́ láti orí flash drive láìfọwọ́ kan ohunkóhun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ lè fi dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan, kí àwọn ọmọ máa fi ìyẹn ṣeré, kí Windows tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ sì wà lọ́tọ̀. Àmọ́ kí ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́ Pentium 4 àtijọ́ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ Linux kò gba irú rẹ̀ mọ́. Debian pàápàá, tí wọ́n mọ̀ mọ́ sùúrù fún kọ̀ǹpútà àgbà, kò ṣe èyí tí wọ́n lè fi sórí rẹ̀ nínú ẹ̀dà 13 tó jáde ní oṣù August ọdún 2025. Ẹ̀dà 12 tàbí antiX ni ẹ ó wá.

Àwọn tí a lè dábàá

Géèmù tí a rò pé ó yẹ ará Àpápá jù lọ ni OpenTTD. Ní ọdún 1994, ará Scotland kan, Chris Sawyer, ṣe géèmù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Transport Tycoon. Ohun tó dá lé ni pé kí ẹ fi ọkọ̀ akẹ́rù, ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ òkun àti ọkọ̀ òfuurufú kó ẹrù láti ibì kan sí ibòmíì, kí èrè sì wọlé. Ní ọdún 2004, àwọn kan tún ètò náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di olómìnira. Nígbà tó fi máa di ọdún 2010, wọ́n ti yàwòrán àti ohùn tuntun fún un, débi pé ẹni tó fẹ́ ṣe é kò nílò láti ní ti àkọ́kọ́ rárá. Gbogbo rẹ̀ kò tó 100 MB, kọ̀ǹpútà àgbà sì lè gbé e láìlàágùn.

Ẹni tó ń gbé ní Àpápá kò nílò olùkọ́ láti lóye ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú géèmù yìí. Bí ẹ bá kọ́ èbúté kan tí ẹ sì la ojú ọ̀nà kan ṣoṣo wọ ibẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù yín á tò lọ bẹẹrẹbẹ, ẹrù á jókòó pa, owó á sì máa wọmi. Ọ̀nà àbáyọ tí ọmọ yín á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ni àwọn àgbààgbà ti ń wá láti ọdún yìí wá. Ní oṣù February ọdún 2021, Iléeṣẹ́ Àwọn Èbúté Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ìlànà kan tó ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì pe ọkọ̀ akẹ́rù wọ èbúté ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ètò ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀, Yorùbá pọ́nńbélé. Ọmọ tó bá ti fi oṣù kan ṣe OpenTTD á lè sọ ìdí tí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ fi wúlò, á sì lè sọ ibi tó ti lè kùnà.

Fún àwọn ọmọ kékeré, GCompris ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ará ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Bruno Coudoin ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2000, bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn, á dún bí ìgbà tí ọmọ ń sọ pé “ó ti yé mi.” Eré tó wà nínú rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ: ìṣirò, àwòrán ilẹ̀ ayé, aago, chess àti lílo máòsì.

Ní ti àwọn tó ti dàgbà díẹ̀, ẹ má fojú kéré Tux Typing. Ọ̀rọ̀ á máa já bọ́ láti òkè, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ kí ó tó dé ilẹ̀. Ó rọrùn, ó tilẹ̀ lè dà bí eré ọmọdé, àmọ́ ọmọ tó bá ń ṣe é fún ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ kò ní pẹ́ tó fi máa tẹ ìwé láìwo ọwọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ gidi nìyẹn jẹ́ ní Ajégúnlẹ̀. Ní ọdún 2007, Gbenga Sesan àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ tí wọ́n pè ní Ajegunle.org, láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà ní lílo kọ̀ǹpútà àti bí wọ́n á ṣe fi wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Inú rẹ̀ ni àjọ Paradigm Initiative ti jáde. Ọmọ tó bá ti mọ ọwọ́ lò lórí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé kó tó dé irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ti ṣíwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan náà tó ń rí sí Tux Typing ló ń rí sí TuxMath, tó jẹ́ ti ìṣirò.

Àwọn tó fẹ́ràn kí wọ́n máa ronú lè gba Freeciv, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Yunifásítì Aarhus lórílẹ̀-èdè Denmark gbé jáde ní ọdún 1996. Ẹ ó tẹ ìlú dó, ẹ ó dáko, ẹ ó kọ́ ọ̀nà, ẹ ó sì bá àwọn orílẹ̀-èdè míì dá májẹ̀mú tàbí kí ẹ bá wọn jà. Battle for Wesnoth, láti ọdún 2003, jọ ọ́, àmọ́ ogun ló pọ̀ nínú ìtàn rẹ̀, àwọn oṣó àti òkú tó ń rìn sì wà níbẹ̀, nítorí náà kí òbí kọ́kọ́ wò ó fúnra rẹ̀. Luanti, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Minetest títí di ọdún 2024, ni ti ọmọ tó ń bẹ̀bẹ̀ fún Minecraft. SuperTuxKart jẹ́ eré sísá mọ́tò, ó sì dára, àmọ́ ó tóbi, ó sì ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tí ohun tó ń gbé àwòrán jáde lórí rẹ̀ kò tíì gbó jù. Ẹ fi í sílẹ̀ bó bá jẹ́ Pentium 4 ni tiyín.

Ayò ńkọ́? Géèmù olómìnira kan wà tó ń jẹ́ Aualé, tó ń ta ayò oníhò méjìlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin rẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ sí bí àwọn bàbá wa ṣe ń ta á. Ohun kan wú wa lórí nípa eré yìí. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ méjì ní yunifásítì kan ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, so kọ̀ǹpútà pọ̀ kí wọ́n lè mọ ẹni tó máa jàre bí àwọn ọ̀tayò méjì kò bá ṣàṣìṣe rárá nínú awari, tó jẹ́ ọmọ ìyá ayò. Ọ̀nà tí ọmọ ayò lè gbà jókòó nínú ihò tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní 889 bílíọ̀nù. Ọ̀mì ló já sí. Pentium III ni ọpọlọ àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n lò, irú èyí tó kún inú kọ̀ǹténà tòkunbọ̀ ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ní ti bọ́ọ̀lù, a ò ní tan yín: kò sí géèmù bọ́ọ̀lù olómìnira kan tó lè tẹ́ ọmọ Ajégúnlẹ̀ lọ́rùn. Àdúgbò tí Taribo West àti Odion Ighalo ti wá ni. Pápá Maracana ṣì wà níbẹ̀, kò sì ń lo iná mànàmáná.

Iná, dátà àti ibi tó yẹ kí ẹ ti gbà á

Bátìrì ọ̀pọ̀ laptop tòkunbọ̀ ti kú. Bí iná bá lọ, kọ̀ǹpútà á kú lójú ẹsẹ̀. Èyí jẹ́ ìdí míì tí a fi fara mọ́ Freeciv, OpenTTD àti Wesnoth, nítorí pé wọ́n máa ń tọ́jú ibi tí ẹ bá dé pa mọ́ fúnra wọn látìgbàdégbà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn èèyàn fi ń ṣe àwàdà pé ó sàn ju ti aládùúgbò lọ kì í ṣe ohun tí à ń tàn nítorí eré mọ́, láti ìgbà tí ìjọba ti fòpin sí owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù May ọdún 2023, tí owó epo sì di ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ wa géèmù jáde, orí ìkànnì àwọn tó ṣe é ni kí ẹ lọ. Bí ẹ bá kàn kọ orúkọ rẹ̀ sínú Google, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lè jẹ́ ìpolówó, ojú ìwé náà sì lè ní bọ́tìnnì Download mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó jẹ́ pé ọ̀kan péré ni òótọ́. Àwọn tó ń lo Linux kò ní ìṣòro yìí, torí pé inú àpótí ètò tó bá Linux wọn wá ni wọ́n á ti mú un.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá fáìlì tí ẹnì kan fún yín lórí flash drive jẹ́ ojúlówó, kò sì ń jẹ dátà púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ìkànnì géèmù máa ń kọ nọ́ńbà gígùn kan, tí wọ́n ń pè ní SHA256, sí ẹ̀gbẹ́ fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí Command Prompt lórí Windows, kí ẹ kọ certutil -hashfile, lẹ́yìn náà orúkọ fáìlì náà, lẹ́yìn náà SHA256. Kọ̀ǹpútà yín á ṣírò nọ́ńbà tirẹ̀. Bí ó bá bá ti orí ìkànnì mu délẹ̀, ohun tí àwọn tó ṣe géèmù náà gbé jáde gan-an ló wà lọ́wọ́ yín, ì báà ti gba ọwọ́ èèyàn ogún kọjá. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ẹ pa fáìlì náà rẹ́. Ẹ lè ti orí fóònù wo nọ́ńbà orí ìkànnì, kí kọ̀ǹpútà iṣẹ́ má tilẹ̀ fojú kan íńtánẹ́ẹ̀tì.

Lórí kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀, ẹ ṣí orúkọ míì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, èyí tí kò ní àṣẹ alábòójútó, kí ìwé àwọn oníbàárà má bàa sí níbi tí ọwọ́ wọn lè dé. Ẹ sì ṣe ẹ̀dà ìwé wọ̀nyẹn sórí flash drive tí kì í ṣe ti géèmù.

Nígbà tí aládùúgbò bá wá gba tirẹ̀, ẹ fún un ní fáìlì tí ẹ wà jáde gẹ́lẹ́, kì í ṣe ohun tí ẹ ti tú sórí kọ̀ǹpútà yín. Nínú rẹ̀ ni fáìlì kékeré kan wà tó sábà máa ń jẹ́ COPYING. Òun ni ìwé àṣẹ tó sọ pé kí ẹni tó bá gba géèmù náà máa fún ẹlòmíì, òfin sì sọ pé ibikíbi tí géèmù náà bá ń lọ, kí ó máa bá a lọ.